Ọrọ́ Tanná Lókè Ọ̀kà

Adìyẹ ni mo rò pé ó fẹ́ kó síbẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkàrẹ́, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe ilé tó fẹ́ kí n fi irin kọ́ fún òun, mo ti ń fọkàn wo ibi tí màá gbé ìtẹ́ adìyẹ sí àti ibi tí ìdọ̀tí wọn yóò máa gbà jáde. Ó ní òun ò fẹ́ ògiri. Ó ní òun ò fẹ́ páànù. Náílọ́ọ̀nù funfun tó nípọn ni kí n fi bò ó látòkè délẹ̀, kí oòrùn ráyè wọlé, kí òjò má ráyè wọlé.

Mo ní, "Màmá, ooru yóò pa adìyẹ yín síbẹ̀ o."

Ó wò mí. "Ta ló sọ fún yín pé mo ń sin adìyẹ?"

"Kí lẹ wá fẹ́ kó síbẹ̀?"

"Ọrọ́."

Mo ní kó tún un sọ, nítorí ẹ̀rọ ìlọta ń pariwo ní ìsọ̀ kejì. Ó tún un sọ. Ọrọ́, igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn bàbá wa máa ń gbìn yí oko ká kí ewúrẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, iṣẹ́ wẹ́dà ni mo sì ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mo ti ṣe géètì fún olówó, mo ti ṣe fèrèsé fún mọ́ṣáláṣí, mo tilẹ̀ ti ṣe àgò fún ọkùnrin kan tó ń sin ọ̀bọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ́lé fún ọrọ́ rí. Mo gbà láti ṣe é torí pé mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ọ̀kà ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, sì ń gbé Ìbàdàn. Èmi náà kì í ṣe ẹni tó níyàwó nílé mọ́. Ìyàwó mi ti dolóògbé, àwọn ọmọ mi ti fọ́n ká síbi iṣẹ́ wọn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan la jọ wà nínú agboolé bàbá wa ní Ìkàrẹ́.

Mo kó irin sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, a gba Ìwárò kọjá, a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n òkè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé etí èèyàn á máa dí bí ọkọ̀ bá ti ń yí kọ́nà lọ sókè. Ilé Tíṣà wà níbi tí àpáta ti yọrí jáde nínú ilẹ̀, débi pé ẹ̀yìn kíṣìnnì rẹ̀ ò ní ilẹ̀pa kankan, àpáta lásán ni, wọ́n sì ń sá èlùbọ́ sí i. Ní ìloro iwájú ilé ni àwọn ọrọ́ náà wà.

Ẹnu yà mí. Ọrọ́ tí mo mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, àṣé wọ́n pọ̀ bí ìran èèyàn. Àwọn kan rí roboto bí ìkúùkù. Àwọn kan tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n nà sókè bí ìka. Ọ̀kan wà tí irun funfun bò látòkè délẹ̀, Tíṣà ń pè é ní Ìyá Àgbà. Òmíràn wà tó lúgọ sínú agolo bọ́tà bí ọ̀pọ̀lọ́, ó burẹ́wà, ara rẹ̀ ní kókó kókó. Òun ló ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni. Etí erin wà níbẹ̀, àbámodá náà wà níbẹ̀, àwọn yẹn ni mo mọ̀, nítorí ìyá mi máa ń fún omi àbámodá sí wa létí nígbà tí a wà ní kékeré. Inú agolo mílíìkì, inú abọ́ tánganran tó ti sán, inú ìdajì ìkòkò, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé.

Mo bi í léèrè ibi tó ti rí wọn. Ó ní ọmọ òun ló mú ẹyọ kan bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì ní ọdún tí òun fẹ̀yìn tì, ó ní kí òun gbé e sí ojú fèrèsé.

"Ilé ti dákẹ́ jù," ó ní. "Mi ò fẹ́ ajá, mi ò fẹ́ ológbò. Ẹni tó máa jí mi láàárọ̀ láìpariwo ni mo ń wá."

Láti orí ẹyọ kan yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà, tó ń bẹ dẹ́rẹ́bà pé kí wọ́n bá òun rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì ní Àkúrẹ́, tó sì ń bá ọ̀rẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni òjò Àkókó. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, omi inú ara wọn ni wọ́n ń mu bíi ràkúnmí. Bí òjò wa bá ti bẹ̀rẹ̀, omi rẹ̀ á máa ta bá wọn ní ìloro, wọn á sì máa jẹrà láti ìdí. Ìdí nìyẹn tó fi wá mi wá.

Mo kọ́ ilé náà fún un. Ó dára, èmi fúnra mi mọ̀ pé ó dára. Mo ṣe pẹpẹ irin sí ọ̀tún àti òsì, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín tí èèyàn lè gbà, mo ṣe fèrèsé méjì tí wọ́n lè ká náílọ́ọ̀nù wọn sókè kí atẹ́gùn lè fẹ́. Àwọn ará àdúgbò kò mọ orúkọ tí wọn ì bá pè é, wọ́n sọ ọ́ ní ilé náílọ́ọ̀nù. Tíṣà ti ń kó àwọn ọrọ́ rẹ̀ wọlé kí n tó parí, nítorí kò ní sùúrù rárá. Èyí ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ń na náílọ́ọ̀nù òrùlé, mo ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ̀ pé bẹ́ńṣì kan wà lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ sinmi díẹ̀. Mo jókòó. Ọrọ́ kan ti wà lórí bẹ́ńṣì náà.

Ìyá mi, ará Arìgìdì ni, wọ́n sì ní èdè tiwọn níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, mi ò sọ èdè náà mọ́. Èdè yẹn ni mo fi ké lọ́jọ́ náà. Tíṣà sáré jáde láti kíṣìnnì.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó wo bẹ́ńṣì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọrọ́ náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Kò fọ́," ó ní. "A dúpẹ́." Lẹ́yìn náà ló tó wo èmi. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìdúró ni mo wà lórí òkadà títí mo fi dé Ìkàrẹ́. Ọlọ́kadà ní kí n jókòó, mo ní bẹ́ẹ̀ náà ló tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ bá, torí ta ni ǹ bá tún lọ bá? Obìnrin tó le ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní kéú lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fo háráfì kan ṣoṣo lójú rẹ̀. Ó mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń fa irun ojú, ó dojú mi bolẹ̀ lórí ẹní bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gún náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ilé ta lo lọ?"

"Ilé oníbàárà."

"Oníbàárà wo ló ń to ẹ̀gún sórí àga?"

"Tíṣà kan ní Ọ̀kà."

"Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Obìnrin ni."

Ó dáwọ́ dúró. "Ó lọ́kọ?"

"Ó jọ pé opó ni. Mi ò bèèrè tán."

"Wàá bèèrè tán," ó ní, ó sì fa ọ̀kan yọ gán-ún débi pé mo gbé orí sókè.

Iṣẹ́ náà parí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbà pé ó parí. Mo padà lọ wò ó bóyá ìlẹ̀kùn ń dún. Kò dún, mo fi epo sí i bákan náà. Mo lọ fi ìkọ́ mẹ́ta sára òpó, bóyá ó máa fẹ́ fi kọ́ agolo. Mo lọ bá a kun pẹpẹ lọ́dà. Nígbàkigbà tí mo bá dé, á ní, "Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ tún ti dé," kì í sì í béèrè ohun tó gbé mi wá. Omi tútù ló máa kọ́kọ́ gbé wá, lẹ́yìn náà la máa wọ ilé náílọ́ọ̀nù lọ, á máa fi ọ̀kan hàn mí tẹ̀ lé òmíràn bí ìyá tó ń fi ọmọ han àlejò.

Ó fún mi ní kékeré kan pé kí n máa tọ́jú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kìlọ̀ fún mi nípa omi. Àmọ́ bí mo bá ti wò ó láàárọ̀, ojú rẹ̀ máa ń jọ ojú ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ, àánú á ṣe mí, màá bu omi sí i. Kò pẹ́ tó fi dẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣá. Mo gbé agolo rẹ̀ lọ sí Ọ̀kà bí ẹni tó ń gbé òkú lọ.

Tíṣà tẹ̀ ẹ́ níka. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún un lómi?"

"Àràárọ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rín tó ń ti inú ikùn bọ̀ ni, kò bá obìnrin tó tinrin bẹ́ẹ̀ mu. Ó fún mi ní òmíràn. Ó ní, "Bí ẹ bá rí i tí ojú ẹ̀ gbẹ, ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ."

Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ, mi ò rí òdòdó kan ṣoṣo. Tíṣà ní wọ́n máa ń tanná. Ó ní bí òjò bá ti lọ, tí ọyẹ́ bá ti dé, òun kì í fún wọn lómi rárá, òun á jẹ́ kí wọ́n sùn. Tó bá di oṣù kẹta, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń mi orí, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní omi díẹ̀díẹ̀, nígbà yẹn ni èyí tó bá wù á á rúdi. Ó ní ní ọdún tó kọjá, ẹyọ kan péré ló tanná, àwọn yòókù ti jẹrà. Mo wo Ọ̀gbẹ́ni nínú agolo bọ́tà rẹ̀. Mo ní, "Èyí náà?" Ó ní, "Òun gan-an." Mi ò jiyàn, àmọ́ mo sọ nínú ara mi pé tíṣà náà lè pa irọ́ kékeré bí ó bá fẹ́ràn nǹkan.

Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ orí òkè kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìkàrẹ́. Ètè èèyàn á bó, eruku á bo àpáta débi pé wàá rò pé wọ́n da eérú sí i. Nínú ilé náílọ́ọ̀nù, gbogbo ọrọ́ súnkì, wọ́n rọ, Ìyá Àgbà pàápàá rí bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Tíṣà kò fún wọn ní ẹ̀kán omi kan.

Ọyẹ́ náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán nígbà tí òjò kan ṣàdédé ṣú ní ọ̀sán. Ní Ìkàrẹ́ níbi tí mo wà, ìjì lásán ni, páànù ń ró, ọkà tí wọ́n sá ń fò kiri, òjò náà kò sì ju kí ó tẹ eruku mọ́lẹ̀ lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsárì tán ni fóònù mi dún.

"Ọ̀gá wẹ́dà, ilé yín ti ya."

"Ilé mi?"

"Ilé tí ẹ kọ́ fún mi. Atẹ́gùn ti fà á ya. Omi ti kún inú ẹ̀."

Ohùn rẹ̀ kò dára. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, oòrùn ti tún yọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Náílọ́ọ̀nù òrùlé ti ya láti igun dé igun, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Tíṣà fúnra rẹ̀ tutù látòkè délẹ̀, ìró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń gbé agolo kan tẹ̀ lé òmíràn jáde sórí àpáta ẹ̀yìn kíṣìnnì. Omi dúró nínú wọn bí ọbẹ̀ nínú abọ́. Mo bọ́ bàtà, mo dara pọ̀ mọ́ ọn. A ń tẹ̀ wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kí omi lè dà jáde, a sì ń tò wọ́n síbi tí oòrùn wà.

Nígbà tí a kó wọn tán, ó jókòó sórí àpáta. Ó ní, "Kò pẹ́ mọ́ tí ǹ bá fi fún wọn lómi fúnra mi. Omi tútù lórí ara tó ń sùn, òun ló ń pa wọ́n."

Mo lọ sí kíṣìnnì rẹ̀ láìgbàṣẹ, mo dáná, mo rí iṣu, mo sun ún. A fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́ lórí àpáta níbẹ̀, láàárín àwọn agolo. Ebi ti ń pa á, kò mọ̀ pé ebi ń pa òun. Nígbà tó ti jẹ ẹ̀là kejì, ó wo iṣu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ mọ iṣu sun o," ara mi sì wálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé náílọ́ọ̀nù tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá. Mo tún fi tùúbù táyà wé gbogbo etí irin tó mú, nítorí mo rí i pé ibẹ̀ ni ìjì ti fi fà á ya. A kó wọn padà wọlé, a sì ń retí ẹni tó máa kú.

Lálaalẹ́ ló ń pè mí láti jábọ̀.

"Kò tíì sí èyí tó rà."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ọ̀rọ̀ ọrọ́ kì í gùn, ká tó ṣẹ́jú ó ti tán, àmọ́ a kì í gbé fóònù sílẹ̀. Ó sọ fún mi nípa ọkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń kọrin bó bá ń fá irùngbọ̀n. Mo sọ fún un nípa ìyàwó mi, bó ṣe máa ń gba ẹ̀yìn mi sọ fún oníbàárà pé iye tí mo pè ti pọ̀ jù. A rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó mi kí n sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sí ìloro, á máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, etí rẹ̀ á sì nà jáde bíi ti ehoro.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Tíṣà ní, "Nǹkan pupa kéékèèké kan ti yọ yí Ìyá Àgbà lórí ká. Mo rò pé kòkòrò ni." Àwa méjèèjì bẹ̀rù kòkòrò náà fún ọjọ́ bí i mélòó kan.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Jímọ̀ kan dé. Mo ti wẹ̀, mo ti wọ jàlàbíà funfun mi, mo dé fìlà, mo lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo sì pa fóònù mi. Nígbà tí a kírun tán tí mo tan án, mo rí i pé Tíṣà ti pè mí, ó ti pè mí, ó tún ti pè mí. Mo pè é padà.

"Ẹ máa bọ̀ kíá," ó ní. "Wọ́n ti fẹ́ padé."

"Àwọn wo ló fẹ́ padé? Ṣé ó tún ya ni?"

Fóònù já. Mo gbìyànjú, kò wọlé. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mi ò ráyè bọ́ aṣọ. Mo gun òkadà. Nígbà tí a ti gun òkè dé ìdajì, ẹ́ńjìnì rẹ̀ wúkọ́, ó kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, mo gbé àpótí sí èjìká, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gòkè nínú jàlàbíà. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ń kí mi, "Àlàájì, ẹ kú ìrìn o!" Mi ò tíì dé Mẹ́kà rí láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò ní èémí láti jiyàn.

Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àpótí irinṣẹ́ mi. Ó wo òógùn ojú mi. Ó di ọwọ́ jàlàbíà mi mú bí ìgbà tí wọ́n ń fa ọmọ ilé ìwé, ó sì fà mí wọnú ilé náílọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti sọ ohun tí mo rí. Òdòdó ti yí orí Ìyá Àgbà ká bí adé, kéékèèké, wọ́n sún mọ́ ara wọn, àwọ̀ wọn pupa rẹ́súrẹ́sú bí inú obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àwọn roboto tó dà bí ìkúùkù, mẹ́rin nínú wọn ló ti là, àwọ̀ ìyeyè, wọ́n ń dán bí aṣọ sẹ́dà. Àbámodá ti so agogo rẹ̀ rọ̀. Oyin ti gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n ń kùn láti orí èyí dé orí ìyẹn. Àti Ọ̀gbẹ́ni! Láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ní kókó kókó yẹn, ọrùn gígùn kan ti yọ, òdòdó funfun kan sì là lórí rẹ̀ tó tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó mọ́ bí láwàní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé. Ó ń ta sánsán.

Mo gbé àpótí sílẹ̀. Mo lósòó níwájú rẹ̀. Mo sọ pé, "Sùbháánallàhì," mo tún un sọ.

"Òjò ọjọ́ yẹn ni," Tíṣà ní. Omi ti lé sí i lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Òjò tí mo ń sunkún lé lórí. Ó jí wọn kí àsìkò wọn tó pé. Èmi ì bá ṣì máa fi òǹgbẹ pa wọ́n. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni á padé, kò ní là mọ́. Ọjọ́ kan péré ló ń lò. Mo ti ń pè yín tipẹ́."

"Ẹ̀ bá ti sọ pé òdòdó ni."

"Ẹ ò gbé fóònù!"

Ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi pè, Tíṣà sì tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta.

"Màmá, ẹ kú oríire! Wọ́n mà rẹwà o. Ta ni bàbá tó wà ní igun fọ́tò?"

Tíṣà wò mí. "Wẹ́dà ni."

"Wẹ́dà?"

"Wẹ́dà tó kọ́ ilé náà. Ó wá tún nǹkan ṣe."

"Màmá, wẹ́dà wo ló ń wọ jàlàbíà funfun lọ síbi iṣẹ́?"

Tíṣà na fóònù náà sí mi. Ni mo bá ní, "Ẹ káàsán o, ọmọ mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gan-an, títí ó fi ń wúkọ́. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tọ́jú wọn."

"Àwọn ọrọ́ náà?"

"Àwọn ọrọ́ náà, sà. Àti màmá mi."

A jókòó síbẹ̀ títí Ọ̀gbẹ́ni fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé òdòdó rẹ̀ jọ. Kò bà wá nínú jẹ́, nítorí ìrudi mìíràn ṣì wà lára àwọn tó kù. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń là, èyí lónìí, ìyẹn lọ́la, nígbà tí gbogbo igi ìta ṣì wọ́wé. Àdúgbò ń wọ́ wá. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì Tíṣà wá lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kọrin nínú ilé náílọ́ọ̀nù, ó gbóná débi pé gèlè wọn rọ.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ní òun ń bọ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó di orí rẹ̀ mú bí a ṣe ń yí kọ́nà, ó ń ka ayatul-kurisíyù lọ. Nígbà tó débẹ̀, ó wo òdòdó fúngbà díẹ̀, ó ní Ọlọ́run tóbi. Ó wá yíjú sí Tíṣà, ó sì wò ó pẹ́ ju bó ṣe wo òdòdó lọ. Àwọn méjèèjì wọ kíṣìnnì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ohun tí mò ń gbọ́ láti ìta ni ẹ̀rín. Ìtàn ẹ̀gún inú ara mi ni wọ́n ń sọ, mo mọ̀.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ padà, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí o ò bá sọ̀rọ̀, èmi ni màá bá ọ sọ ọ́."

Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí mo padà lọ, a jókòó sórí àpáta ní ìrọ̀lẹ́, mo ní, "Tíṣà, ọ̀nà òkè yìí ti ń rẹ̀ mí."

Ó ní, "Ẹ má wá mọ́ nígbà náà."

"Kì í ṣe wíwá ló ń rẹ̀ mí. Pípadà ni."

Ó ń fi ìka họ eruku orí àpáta. Ó wá ní, "Ìsìn ńkọ́?"

"Ẹ ó máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Àìkú, màá máa lọ mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló kù fún wa."

"Ẹ ti rò ó wá láti ilé."

"Orí òkadà ni mo ti rò ó."

Ó ní òun á bá ọmọ òun sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti gbà, nítorí pé ó dìde, ó lọ wá iṣu wá, ó ní kí n sun ún.

Ìdílé méjèèjì jókòó papọ̀ ní Ọ̀kà. Ọmọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ̀yin wẹ́dà." Àwọn ọmọ tèmi wá, wọ́n kọ́kọ́ fajú ro díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti bá wọn sọ̀rọ̀, ojú wọn là. Àfáà kan ṣàdúà, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan gbàdúrà, àdúrà ẹnì kan kò gùn ju ti ẹnì kejì lọ, nítorí iyán ti ń tutù.

Ọ̀kà ni mò ń sùn báyìí. Láàárọ̀ màá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ màá gòkè. "Ẹ" la ṣì ń pe ara wa, kò tíì sí èyí tó kọ́kọ́ sọ "o" nínú wa, mi ò sì rò pé a máa sọ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn tí òdòdó Ìyá Àgbà rẹ̀ dànù, èso pupa kéékèèké yọ lára rẹ̀ bí ata wẹ́wẹ́. Tíṣà fọ́ wọn, ó gbin hóró inú wọn sínú abọ́ ńlá kan. Wọ́n ti hù. Mo ní láti wọ awò kí n tó rí wọn, wọn ò tóbi ju ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé lọ, ẹ̀gún wọn rọ̀ bí irun ọmọ ìkókó. Ó ní yóò tó ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tanná.

Abọ́ wọn ti pọ̀ ju pẹpẹ lọ. Láàárọ̀ òní, kí n tó jáde, ó dúró láàárín ilé náílọ́ọ̀nù, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń fi ojú wọn ẹ̀gbẹ́ ògiri kíṣìnnì.

"Ẹ ò rí i pé tí a bá fa ilé yìí gùn dé ibẹ̀ yẹn," ó ní, "á gbà wọ́n?"

Mo ní irin ti wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo máa kó o gòkè wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.